Ilé Ẹ̀kọ́ Jẹ Àgbẹ̀ Ní Gbèsè

Ọ̀rọ̀ ọjà rírà ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà tí à ń rà wálé fún ọbẹ̀. Ọjà tí ilé ẹ̀kọ́ ń rà ni. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń fún ọmọ lóúnjẹ ń ra ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹyin. Ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ń ra gàrí, iṣu àti epo pupa. Yunifásítì ń ra tíì àti ohun mímu oníkòkó fún àlejò, ó ń ra aṣọ ìgboyè, ó ń ra bọ́ọ̀lù, ó ń ra àga àti tábìlì. Owó tó ń gba ọ̀nà yìí jáde láàárín ọdún kan kò kéré rárá. Síbẹ̀, bí a bá ń jíròrò nípa owó àti ilé ẹ̀kọ́, èyí tó ń wọlé nìkan la máa ń sọ: owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò, owó ìwé. A kì í sábà bèèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni èyí tó ń jáde ń lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ti ń bèèrè ìbéèrè yìí tipẹ́. Ní ọdún 2003, Oxford Brookes University, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, di yunifásítì àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé tí wọ́n fún ní oyè yunifásítì Fairtrade. Ohun tí oyè náà ń béèrè kò ṣòro láti lóye: kí ilé ẹ̀kọ́ máa ta kọfí, tíì àti ṣokoléètì tí a rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, kí ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí rẹ̀. Òwò ẹ̀tọ́ ni mo máa pe irú òwò bẹ́ẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń rà ti ṣèlérí pé bí ọjà ti wù kó bàjẹ́ tó, owó tí òun yóò san kò ní wálẹ̀ ju iye kan lọ. Ní ti kòkó, iye tí wọ́n fi lélẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni 2,400 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Lẹ́yìn èyí, owó àfikún 240 dọ́là wà lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan nígbà náà, tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn yóò jókòó pinnu ohun tí wọn yóò fi ṣe, ìbáà jẹ́ kànga, ìbáà jẹ́ yàrá ìkàwé. Ètò náà sì lòdì sí kí wọ́n mú ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ lọ sí oko.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni kọfí tí wọ́n ń mu ní Oxford fi kan ará Ùtè. Ùtè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí a mọ̀ sí ìpínlẹ̀ tí kòkó rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Ní agbègbè yìí, akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kàwé ní Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀, tàbí ní Adekunle Ajasin University ní Àkùngbá, ló jẹ́ pé oko ni owó ẹ̀kọ́ wọn ti ń wá. Ẹni tó ń mu kọfí ní Oxford kò mọ àgbẹ̀ tó gbìn ín. Àmì tó wà lára páálí nìkan ló mọ̀. Ní Ùtè, àgbẹ̀ náà lè jẹ́ bàbá akẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò tó ń kí i láràárọ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ òwò ẹ̀tọ́ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ àánú ṣíṣe fún ẹni tó jìnnà kọ́. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni.

Ìtàn ló fi hàn pé gbèsè náà wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 1951, ní Ọ̀wọ̀ gan-an, ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba. Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Imade College nígbà náà, ni ìtàn sọ pé ó kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà wọlé, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1955. Títí di òní, kò sí ìran Yorùbá kan tí kò jẹ nínú èso ètò yẹn.

Ibo ni owó rẹ̀ ti wá? Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ wá láti orí igi kòkó. Ní àkókò náà, àgbẹ̀ kò lè ta kòkó rẹ̀ sí òkè òkun fúnra rẹ̀. Àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Marketing Board ló ń rà á ní iye tí ìjọba bá dá, iye yẹn sì sábà máa ń kéré sí ohun tí ọjà àgbáyé ń san. Èyí tó kù lọ́wọ́ àjọ náà ni ìjọba kó lé iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Bí a bá ti dárúkọ owó kòkó, Ilé Kòkó tó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní ọdún 1965, la máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú ohun tí owó náà gbé ró, títí kan yunifásítì Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ló fi apá kan nínú èrè rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ó gbà. Nígbà tí owó orí pọ̀ lápọ̀jù, tí owó kòkó sì kéré, inú àwọn àgbẹ̀ ru. Ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ti ọdún 1968 sí 1969 jẹ́ ẹ̀rí.

Èmi kò sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò dára. Láìsí i, bóyá ni ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà yìí ìbá ní òǹkàwé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá jẹ lára àgbẹ̀ kò yẹ kí ó gbàgbé rẹ̀ nígbà tí òun náà bá di ẹni tó ń ra ọjà. Ilé ẹ̀kọ́ ti di ẹni tó ń ra ọjà báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ṣe rí fún àgbẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ tú àjọ tó ń ra kòkó ká. Láti ìgbà náà, kò sí iye tí ìjọba dá mọ́. Àgbẹ̀ àti alájàpá ló ń dúnàádúrà. Ní ọdún 2024, kòkó gbówó lórí ní ọjà àgbáyé débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là, ohun tí ojú kò rí rí. Kò pẹ́ tí ó tún fi já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹni tó ti ya owó, tó ti fi ìrètí ọdún 2024 gbin tuntun, ó mọ bí ìjábọ́ náà ṣe dùn tó.

Ìṣòro mìíràn wà tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ sí. Oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ọmọ máa ń wọlé fún ọdún tuntun. Oṣù Kẹwàá ni ìkórè ńlá kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Kòkó tí a sì já lónìí kì í di owó lónìí: a óò fọ́ ọ, a óò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, a óò sì sá a sóòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó ṣe é wọ̀n. Òbí tí wọ́n ní kí ó san owó lóṣù Kẹsàn-án kò ní owó lọ́wọ́. Orí igi ni owó rẹ̀ wà. Yóò lọ bá alájàpá, yóò gba owó sílẹ̀, yóò sì ṣèlérí kòkó tí kò tíì pọ́n. Iye tí alájàpá bá dá ni yóò gbà, nítorí pé ẹni tí wọ́n fẹ́ lé ọmọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì kò lè dúró dúnàádúrà. Báyìí ni kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń gé nínú owó kòkó kí kòkó tó délẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá pín owó rẹ̀ sí mẹ́ta, tó jẹ́ kí apá tó pọ̀ jù bọ́ sí oṣù Kejìlá, ti ṣe òwò ẹ̀tọ́ pẹ̀lú àgbẹ̀ kí ó tó ra ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ọjà rírà gan-an, oúnjẹ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. A kò bá òfo ní ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2012, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní O'Meals. Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta. 70 náírà ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan lójúmọ́. Ète méjì ni ètò náà ní: kí ọmọ jẹun yó kí ẹ̀kọ́ lè wọ̀ ọ́ lórí, kí àgbẹ̀ tó wà nítòsí sì rí oníbàárà tí kò ní yẹ̀. Ète tó dára ni. Ibi tí ó ti ń kọsẹ̀ ni owó tí kò tètè dé ọwọ́ àwọn alásè. Alásè tí owó rẹ̀ kò dé kò lè fi owó lójú ẹsẹ̀ ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ta àwìn fún un ni yóò lọ, ẹni náà kì í sì í ṣe àgbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ètò náà dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ mìíràn kí wọ́n lè wádìí bí wọ́n ṣe ná owó wọn.

Bràsíìlì gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2009 sọ nígbà náà pé nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ bá fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ fún ríra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ìdílé àgbẹ̀. Wọn kò fi í sílẹ̀ fún inú rere akápò tàbí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Iye kan wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ sì lè ṣírò rẹ̀ kí ó mọ̀ bóyá wọ́n pa òfin mọ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a má ṣe tètè dá alágbàtà lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Èmi ni mo dá iye inú rẹ̀. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Ùtè ń lo àpò gàrí 10 lóṣù. Alágbàtà ń gbé e wá ní 50,000 náírà fún àpò kan, 35,000 náírà ló sì ń san fún àwọn tó ń dín in. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá lọ ra á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń dín gàrí ní 42,000, tó sì fi 3,000 gbé e dé ilé ìdáná, 45,000 ni àpò kan yóò jẹ́ fún un. Ilé ẹ̀kọ́ jèrè 50,000 náírà lóṣù, àwọn tó ń dín gàrí sì jèrè 70,000. Kí ló dé tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé àwìn ni alágbàtà ń tà pẹ̀lú gàrí rẹ̀. Ó lè dúró de owó ilé ẹ̀kọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń dín gàrí kò lè dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ ra ọjà ní ọ̀nà ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń san owó lásìkò. Bí kò bá lè ṣe èyí, ìlérí yòówù tó bá ṣe fún àgbẹ̀ kò ní lọ jìnnà.

Apá tirẹ̀ tún wà fún àgbẹ̀ láti ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ kò lè máa ti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn láti ra iṣu mẹ́wàá mẹ́wàá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1935 ni òfin ti wà fún un ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Ní Gánà, àwọn àgbẹ̀ kòkó dá ẹgbẹ́ Kuapa Kokoo sílẹ̀ ní ọdún 1993. Wọ́n yan àwọn tó ń wọn kòkó láàárín ara wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa fi òṣùwọ̀n rẹ́ wọn jẹ. Nígbà tó di ọdún 1998, ilé iṣẹ́ ṣokoléètì Divine bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ náà sì ní ìpín nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ta kòkó di ara àwọn tó ni ilé iṣẹ́ tó ń ta ṣokoléètì.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fò wá. Ọmọ tó bá òbí rẹ̀ dé oko ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó kó èso kòkó jọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọmọ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́ nítorí oko, tàbí tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́n oògùn apakòkòrò, òun ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní ọdún 2001, àwọn ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ńláńlá fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Amẹ́ríkà pé irú iṣẹ́ ọmọdé tó burú jù nínú oko kòkó yóò dópin ní ọdún 2005. Ọdún náà pé, wọ́n sún un síwájú. Ìwé àdéhùn kò lè gba ọmọ sílẹ̀ níbi tí owó kòkó kò ti tó láti fi gba lébìrà. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kí ọmọ wà ní kíláàsì, ó yẹ kí ó bìkítà nípa iye tí bàbá ọmọ náà ń rí lórí ohun tó gbìn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kò lówó tó báyìí, ká má tíì sọ ti ẹ̀tọ́. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọjà kan wà tí òwò ẹ̀tọ́ yóò mú kí wọ́n wọ́n díẹ̀, kò sì yẹ kí a pa á mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé bí a bá ní kí wọ́n máa ra ọjà ládùúgbò, agbaṣẹ́ṣe tó jẹ́ èèyàn olóṣèlú ni yóò pe ara rẹ̀ ní àgbẹ̀. Èyí tún jẹ́ òtítọ́, ojú wa sì ti rí irú rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí ohun gbogbo hàn sí gbangba: kí ilé ẹ̀kọ́ kọ iye tó ra ọjà kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹgbẹ́ tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tó san owó, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kà á. Ará ìlú mọ ẹni tó ní oko àti ẹni tí kò ní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, kò dìgbà tí ìjọba bá ṣòfin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀wù tí ẹ ń tẹ orúkọ ẹ̀ka yín sí fún ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ, ta ni ó rán an, èló ni ó sì gbà? Oúnjẹ tí ẹ ń pèsè fún àlejò, ṣé ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ yín wà kò ní i? Ẹ̀yin tí ẹ ti di òbí, ẹ bèèrè ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé ọ̀dọ̀ ta ni ilé ẹ̀kọ́ ti ń ra oúnjẹ, àti pé ọjọ́ mélòó ló máa ń gbà kí ó tó sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò owó àpò kòkó kan láti oko títí dé inú páálí ṣokoléètì. Ìṣirò tó kan ilé bàbá wọn ni, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá yan ọjà kan ṣoṣo fún sáà kan, gàrí nìkan tàbí ẹyin nìkan, tí ẹ sì rà á ní ọ̀nà ẹ̀tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, ẹ ti ní ohun tí ẹ lè fi han ọ̀gá àgbà pé ó ṣeé ṣe.

Àwọn àgbẹ̀ tó ta kòkó ní iye tí kò tó kí ilé ẹ̀kọ́ lè dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. A kò lè san án fún wọn mọ́. Àwọn ọmọ wọn wà lóko ní Ùtè, ní Ìfọ́n, ní Ọ̀wọ̀. Ohun tí wọ́n ń tà, ilé ẹ̀kọ́ ń lò ó lójoojúmọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.